Má Gbé Báàgì Wálé Nítorí Làpálàpá

Mofẹ́ mi, Àdùnní, ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ,

Mi ò ní béèrè bóyá ara ẹ le, torí ara yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Jókòó. Tó o bá ń se nǹkan, sọ ìkòkò kalẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, o sì mọ̀ pé tí ìyá ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í tètè dákẹ́.

O pè mí lọ́jọ́ Ajé pé o fẹ́ gbé báàgì ẹ wá sí Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé, pé o fẹ́ wá dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù fún bí oṣù kan, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi. Mofẹ́, ìgbà wo ni iṣẹ́ ò pọ̀ fún mi? Nígbà tó o wà nílé, tí mo bá ní kó o wá bá mi gún ọṣẹ, orí á fọ́ ẹ, inú á run ẹ́, wàá tún rántí pé ẹ ní àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ọmọ yẹn náà ló wá fẹ́ràn ọṣẹ báyìí, nígbà tí kò tíì pẹ́ rárá tó ṣègbéyàwó? Mo ní "ó dáa," mo gbé fóònù sílẹ̀. Àmọ́ kò dáa. Tó o bá gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà mi ní Sátidé, mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Màá gbé oúnjẹ fún ẹ láti ojú fèrèsé, torí ọmọ mi ni ẹ́, lẹ́yìn náà màá bá ẹ pe kẹ̀kẹ́ tó máa gbé ẹ padà sílé ọkọ ẹ ní Bajulaiye.

Má bínú. Mo mọ ohun tó ń lé ẹ bọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo wá kí yín, iná ò sí, fáànù dúró jẹ́ẹ́, gbogbo wa ń làágùn. Kúnlé wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà bọ́ búláòsì. Ìwọ nìkan lo wọ aṣọ alápá gígùn, tó o tún fi síkáàfù wé ọrùn bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ láti gbé tíréè, síkáàfù ṣí, mo rí i.

"Kí nìyẹn, Mofẹ́?"

"Ooru ni, Mọ́mì."

"Ooru wo ló ń yí róbótó bí ẹnu ife?"

O rẹ́rìn-ín, o sá wọ kíṣìnì. Mo tẹ̀ lé ẹ. Nígbà tó o ṣí ọrùn aṣọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ọmú. Làpálàpá ni. O ní kí n má sọ fún ọkọ ẹ. Mo ní mi ò ní sọ, mi ò sì tíì sọ. Àmọ́ nígbà tó o wá pè lọ́jọ́ kejì, ó yé mi pé ṣe lo fẹ́ wá fara pamọ́ sílé ìyá ẹ títí á fi sàn, kí Kúnlé má baà rí i kó pè ẹ́ ní ọ̀bùn. Ọmọ ọlọ́ṣẹ tó ní làpálàpá. Mo mọ bó ṣe ń dùn ẹ́ tó, mo sì bá ẹ kẹ́dùn, àmọ́ nígbà tí mo délé mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Má sọ pé mi ò sọ fún ẹ.

Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹta, o mọ̀. Àmọ́ ta ni ò mọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ láti etí omi Bàrígà títí dé Ṣómólú? Ilé tí mo kọ́, ọṣẹ ló kọ́ ọ. Àwọn tó kàwé débi tí ìwé parí sí ń gbé nínú yàrá mi, tí wọ́n bá sì pàdé mi lójú àtẹ̀gùn, wọ́n á yà fún mi. Ojú mi wà lára páálí ọṣẹ mi. Nígbà tí Kúnlé kọ́kọ́ fẹ́ tẹ páálí yẹn ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn, ó ní ṣé kóun fi kọ̀ǹpútà yọ àpá iwájú orí mi kúrò. Mo ní kó fi sílẹ̀, káwọn èèyàn lè mọ̀ pé èmi gan-an ni. Ibẹ̀ lo ti rí i, nígbà tí mò ń rán ẹ lọ gba páálí, tó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gba páálí tí ẹnikẹ́ni ò rán ẹ.

Ìwé tí èmi wá kà, ara èèyàn ni. Gbogbo ẹni tí nǹkan bá ń yún ní àdúgbò yìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ, kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan, kó o sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀bùn ló ń fà á.

Nígbà tí èmi wà ní kékeré, orí àwọn ọmọdé ni làpálàpá ń gbé. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, onígbàjámọ̀ á wá sí àgbàlá wa, á jókòó sórí àpótí, gbogbo ọmọ inú ilé á tò sẹ́yìn ara wọn. Abẹ kan náà ló máa fi fá gbogbo wa, á nù ún mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, ó di orí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún, orí wa á dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ họ. Tíṣà wa ní oògùn aláwọ̀ àlùkò kan tó fi ń kun orí fún wa, tá a bá wá tò láàárọ̀, bí ọgbà òdòdó la ṣe máa rí. Ẹnikẹ́ni ò tijú. Ta lo máa tijú fún nígbà tí orí gbogbo yín jọra?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọṣẹ, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá: "Ọlọ́ṣẹ, kí lo ní fún orí ọmọ?" Àgbà tó bá ní tiẹ̀, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa ń wà. Àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja létí omi, àtàwọn ìyàwó wọn tó ń dúró sínú omi ṣan ẹja, àwọn ni ẹsẹ̀ máa ń bó. Wọ́n á ní omi ló jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n á tún padà sínú omi.

Ó wá yí padà. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ra kílípà ìgẹrun tiwọn fún ọmọ wọn. Orí ọmọ ṣì ń ní in, àmọ́ kò pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́ lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé làpálàpá fẹ́ kó kúrò ní Bàrígà ni. Àṣé ó kàn pààrọ̀ yàrá ni.

Àwọn àgbà ló wá ń wá báyìí. Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ọṣẹ bí ẹni pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ sílé, títí àwọn tó kù á fi lọ. Mi ò ní dárúkọ oníbàárà, iṣẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe é:

"Mọ́mì, ẹ káàsán. Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi."

"Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ibo ló ti ń yún un?"

"Ó ní... ìsàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ ilé àbí ìsàlẹ̀ ara?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Kó tó sọ "ẹ jọ̀ọ́" tán, ọwọ́ ẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Màá ní: "Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín o, kẹ́ ẹ sọ fún un kó má fi èékánná họ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn."

Àwọn obìnrin náà ń wá: abẹ́ ọmú, ìtan, ọrùn, ojú pàápàá. Nígbà míì, bàbá, ìyá àtọmọ ló máa ní in pa pọ̀ nínú yàrá kan. Ìyá Rísì tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kángun sí tèmi, tó ń ta àwọn ṣòkòtò fífún àti pátá onínáílọ́ọ̀nù, máa ń bú sẹ́rìn-ín tó bá ti rí wọn. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, èmi ń ta èyí tó máa yún wọn, ìwọ ń ta èyí tí wọ́n rò pé ó máa wò wọ́n sàn. A jọ ń jẹun ni." Ẹnu ẹ̀ ò dáa, àmọ́ òótọ́ wà níbẹ̀. Aṣọ tó fún mọ́ ara látàárọ̀ dalẹ́, ooru, iná tí kò sí, èèyàn márùn-ún nínú yàrá kan, òógùn tí kò ráyè gbẹ. Ṣé kéèyàn wá pe ìyẹn ní ọ̀bùn? Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó wá wọ náílọ́ọ̀nù lé ara tútù, ó ti pèsè bẹ́ẹ̀dì fún làpálàpá nìyẹn.

Ohun kan wá wà tó burú ju aṣọ lọ. Màá dé ibẹ̀.

Ìkíní tí mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òwe gidi ni, àmọ́ ó ti jẹ́ ká fojú di làpálàpá jù, àfi bí ẹni pé ẹ̀tẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìkan ló lè bani jẹ́. Ní tìẹ, kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Nǹkan tó wà lọ́rùn ẹ, làpálàpá ni, oògùn wà fún un. Ẹ̀tẹ̀ ni èyí tó ń wọ àárín ìwọ àti ọkọ ẹ, tó ò ń yíjú sí ògiri, tó ò ń wọṣọ nínú òkùnkùn. Kò sí kẹ́mísì tó ń ta oògùn ìyẹn.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Kò tíì pẹ́ tí mo fẹ́ bàbá ẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, nígbà tí làpálàpá kan tó tó kọ́bọ̀ jáde síkùn mi. Mo lọ bá obìnrin kan tó ń po ìpara lọ́jà. Ó ní tòun á pa nǹkan yẹn, á sì jẹ́ kí n pupa bí ìyàwó olówó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi í para, àfi bí idán. Yíyún dáwọ́ dúró, ara mi ń dán, mò ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo ni títì. Kò pẹ́, nǹkan yẹn gba gbogbo ikùn. Ni mo bá purọ́ fún bàbá ẹ pé ìyá mi ń ṣàìsàn, mo gbé báàgì, ó di Ṣágámù. Ìyá mi tó ń gúnyán lójoojúmọ́, tó lágbára jù mí lọ.

Kí n tó padà, gbogbo àdúgbò ti ní bàbá ẹ lù mí ni. Bàbá ẹ tí kì í pa ẹ̀fọn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pè é jókòó, ó ń bi í, "Kí lo fi lù ú, ọwọ́ ni àbí bẹ́líìtì?" Òun náà ò mọ ohun tó lé mi lọ. Nígbà tí mo dé, mo ṣí ikùn hàn án. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, torí èyí ni mo ṣe di oníjà? Máàpù Nàìjíríà lo yà síkùn." Títí ó fi kú, tó bá ti fẹ́ mú mi bínú, á bi mí pé Kánò ńkọ́.

Mò ń rẹ́rìn-ín báyìí, mi ò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Obìnrin tó bá gbé báàgì jáde tí kò sọ ìdí, àdúgbò á bá a sọ ọ́. Wọ́n á ní Kúnlé lù ẹ́, tàbí o rí obìnrin míì lọ́dọ̀ ẹ̀, tàbí ìyá ẹ ni ò jẹ́ kó o gbé ilé ọkọ. Ó máa pẹ́ kó tó tán lẹ́nu wọn ju bó ṣe máa pẹ́ kí làpálàpá tó tán lára ẹ.

Ìkejì, tùúbù ìpara kékeré tí mo rí lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹ, gbé e sọnù. Má fún ẹnikẹ́ni, má tọ́jú ẹ̀. Òun ni ohun tó burú ju aṣọ lọ.

Dókítà obìnrin kan wà tó máa ń wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń wo awọ ara. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní: "Dókítà, kí ló dé tí làpálàpá ìsinsìnyí lágídí báyìí? Tàtijọ́, oògùn díẹ̀, ó ti lọ."

Ó ní àwọn náà ń bá a jà. Ó ní àwọn tùúbù yẹn, oògùn bíi mẹ́ta ni wọ́n pò mọ́ra nínú ẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí yíyún dákẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń sọ ara di ọ̀lẹ, tí kò ní lè jà mọ́. Làpálàpá á dákẹ́ lókè, á máa tàn lọ lábẹ́. Èèyàn á rò pé ó ti sàn, á dáwọ́ dúró, á tún padà, á tún para, títí á fi di nǹkan tí oògùn gidi ò ní tètè ràn mọ́. Ó ní nínú ìpara tó ń mú ara pupa náà, èyí tó ń pa yíyún yẹn máa ń wà níbẹ̀.

Mo ní, "Àṣé bí ìgbà tólè wà nínú ilé, tá a wá fún ajá ní oògùn oorun kó má baà gbó."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àpótí mi mú. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun. Mo ní kó sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kejì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọṣẹ yín dáa fún ìdọ̀tí, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kì í pa làpálàpá." Níwájú ọjà mi. Níwájú Ìyá Rísì. Mo dì í fún un, mo ní ó dàbọ̀, mo sì bínú dalẹ́. Àmọ́ èmi kì í bínú tí kò bá lérè nínú. Mo rò ó wò, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Èyí fún ìdọ̀tí ni. Fún nǹkan yẹn, ẹ lọ rí dókítà." Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ń ra ọṣẹ ju tìgbà kan lọ. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ọjà òun ò ṣe báyìí, wàá gbà á gbọ́ tó bá ní ó ṣe báyìí. Tọ́jú ìyẹn, ọjọ́ kan wàá nílò ẹ̀.

Ìkẹta, kànìnkànìn. Nígbà tí mo di ẹrù ìyàwó fún ẹ, mo fi kànìnkànìn ńlá kan síbẹ̀, mo ní kí ìwọ àti ọkọ ẹ jọ máa fi wẹ̀, kí ìfẹ́ yín lè wọra. Gbogbo ìyàwó tí ìyá ẹ̀ bá wá ra ọṣẹ ìgbéyàwó ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó dùn létí, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n ra èyí tó tóbi. Àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ń tara kan wọ òmíràn. Jù ú nù. Màá fún yín ní méjì, tìẹ àti tiẹ̀. Táwẹ́lì náà, kí olúkúlùkù ní tiẹ̀. Ẹ má sá aṣọ sínú yàrá mọ́. Oòrùn wà lóde, ẹ sá a sínú ẹ̀ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ pátá yín. Tó o bá wẹ̀ tán, nu ara ẹ gbẹ kó o tó wọṣọ, abẹ́ ọmú, àárín ìka, gbogbo kọ̀rọ̀. Wọ aṣọ òwú tí atẹ́gùn lè gbà kọjá. Aṣọ alápá gígùn tó o fi ń bò ó yẹn, òun ló ń bọ́ ọ.

Tí dókítà bá fún ẹ lóògùn, bóyá pípara, bóyá gbígbé mì, lò ó títí dọjọ́ tó bá ní kó o dúró, kì í ṣe ọjọ́ tí kò bá yún ẹ mọ́. Èmi ni lánléèdì, jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé fún ẹ. Ayálégbé tó bá ní òun ti ń kó lọ, tó o bá rí i tó gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, má tíì dùnnú. Ó ṣì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú bálùwẹ̀. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, á ní òun ò tíì lọ. Rí i pé ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì wúwo jù.

Kúnlé pè mí lánàá. Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ ìyàwó mi ni?" Ó ní o kì í jẹ́ kóun sún mọ́ ẹ mọ́. Ó ní o máa ń so wrápà mọ́ ọrùn sùn bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó ní bóyá o ti ń kábàámọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé lo fẹ́, tí ọwọ́ ẹ̀ kì í mọ́ fún íńkì. Mo bi í ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n òun àti àbúrò mi ọkùnrin, kí wọ́n bá yín jókòó.

Ṣé o ti rí i báyìí? Ìwọ gbé báàgì ní Sátidé, àwọn àgbà jókòó ní Sọ́ńdè. Wọ́n á kó ẹnu jọ lé e lórí, wọ́n á béèrè bóyá ọkùnrin míì wà, bóyá oyún wà, kò sí ẹni tó máa béèrè bóyá làpálàpá wà. Ìgbéyàwó tí mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì jó. Mi ò lè sọ ohunkóhun fún un, torí mo ti ṣèlérí fún ẹ. Mo kàn ní kó ní sùúrù, mo sì mú bírò lówùúrọ̀ yìí. Mofẹ́, sọ fún un. Kí Sátidé tó pé, sọ fún un. Tó o bá ń bẹ̀rù pé á wò ẹ́ bí ọ̀bùn, ìyẹn jẹ́ pé

Mo dá bírò dúró níbẹ̀ yẹn. Kúnlé ló dé.

Ó ti jókòó síta lórí bẹ́ńṣì báyìí, Ìyá Rísì ń bá a ṣàwàdà, ni mo ṣe tún ráyè jókòó kọ èyí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ẹ.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó dúró. Ó ń wo ọṣẹ. Mo ní lọ́kàn mi, áà, mo mọ ìdúró yìí.

"Mọ́mì," ó ní, "ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́..."

Mofẹ́, mo gbìyànjú. Ọlọ́run rí mi, mo di ẹnu mi mú. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́, Kúnlé?"

"Ó ní nǹkan kan ń yún òun ní ìtan. Ó ti lo kírímù, kò lọ. Ibi tá a ti ń ṣiṣẹ́ gbóná, Mọ́mì, ẹ̀rọ yẹn kì í sinmi, ṣòkòtò iṣẹ́ wa sì nípọn."

"Ó níyàwó?"

Ó mú ọṣẹ kan, ó tún gbé e sílẹ̀.

Mo ní, "Kúnlé, jókòó. Mi ò ní tà á fún ẹ."

Ó jókòó. Ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ó wá bi mí, ohùn ẹ̀ kéré bíi tọmọdé: "Mọ́mì, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé Mofẹ́ sọ fún yín pé òun rí nǹkan lára mi? Torí mo rò pé ohun tó fi ń sá fún mi nìyẹn. Mo rò pé mò ń kó o nírìíra. Mò ń wọ ṣòkòtò sùn kó má baà rí i. Mo wá ní bóyá àwọn àgbà lè bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mi ò lè dì í mọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fi ìdí mi ti páálí ọṣẹ ṣubú. Ó ń wò mí, kò mọ̀ bóyá kóun bínú. Nígbà tí mo mí, mo ní, "Mofẹ́ ò sọ pé òun rí nǹkankan lára ẹ. Kò sọ ọ́ rí." Òótọ́ sì ni. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ fún ẹ yìí: tùúbù, aṣọ, kànìnkànìn, dókítà. Mo sọ fún un pé ìyàwó ò nílò àgbà méjì láti mọ ohun tó wà nítan ọkọ ẹ̀. Ó ní òun á pe ẹ̀gbọ́n òun pé kó má wá ní Sọ́ńdè mọ́. Ó pè é níwájú mi. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn ti yanjú ẹ̀. Wọn ò tíì yanjú nǹkankan o, àmọ́ mo fẹ́ràn bó ṣe purọ́ yẹn.

Mo bi í bóyá kí n kọ tiẹ̀ sínú ìwé tí mò ń kọ sí ẹ, àbí òun fúnra ẹ̀ á sọ ọ́. Ó họ orí. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, Mọ́mì. Ẹnu mi ò gbé e. Èmi ni màá gbé ìwé yẹn lọ fún un."

Mo ti kọ ọ́ nìyẹn. Tìẹ, mi ò sọ. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá nǹkan ń ṣe ẹ́, mo ní kó lọ bi ìyàwó ẹ̀.

Torí náà, bó o ṣe ń kà á yìí, ó wà níwájú ẹ. Ó ṣeé ṣe kó máa wo fóònù bí ẹni tí kò bìkítà, àmọ́ ojú ẹ ló ń wò. Ó ti ṣe tiẹ̀ láti Bàrígà dé Bajulaiye. Má jẹ́ kó ṣe tìẹ náà. Fi ìwé yìí sílẹ̀ kó o fi ara ẹ hàn án, kó tó bi ẹ́, kó o tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ̀rín bá gbé yín ṣubú, ẹ má di ara yín mú.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ fún dókítà yẹn pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló rán yín, á tọ́jú yín dáadáa. Á bi yín pé ta ló kọ́kọ́ ní in nínú yín, torí wọ́n máa ń béèrè. Kúnlé á wo òkè àjà. Ìwọ náà wo òkè àjà.

Èmi ni,
ìyá ẹ tó fẹ́ràn ẹ ju ọṣẹ lọ.